Bí A Ṣe Ń Jí Caterham Seven Lójú Oorun Lẹ́yìn Òtútù, Kí Ọkọ̀ Agbọ́kọ̀ Má Baà Gbé E Padà Wálé

Lọ́dọọdún, tí oòrùn oṣù kẹrin bá kọ́kọ́ ràn dáadáa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀. Èèyàn á ká aṣọ kúrò lórí Caterham Seven rẹ̀, ọkọ̀ eré kékeré tí kò ní òrùlé, tí èèyàn lè tò fúnra rẹ̀, tó ti wà ní gáréèjì láti oṣù kọkànlá, á so bátìrì, á yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì á dún, inú á dùn. Kó tó dé ráńdábáòtù kẹta, bíréèkì á rì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ àkàrà gbígbóná, tàbí kí iná iwájú kan máa mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ló máa gbé e padà. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ra tèmi, mo sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà agbọ́kọ̀ náà fún wákàtí kan tí a ò rí nǹkan kan bára wa sọ.

A máa ń ṣe ọkọ̀ yìí bí ẹni ń ṣe Corolla ni. Corolla lé ní 1,300 kg, ó ní ABS tí kì í jẹ́ kí táyà há tí a bá tẹ bíréèkì, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń bá ẹsẹ̀ yín tẹ bíréèkì. Seven tèmi, oní-ẹ́ńjìnnì Ford Sigma 1.6, kò tó 600 kg. Kò ní ABS, kò ní páwà sítíárìn, kò ní bàlúù tó ń gba èèyàn láyà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n jó pọ̀ mọ́ra ni egungun rẹ̀, páànù alumíníọ̀mù ni awọ ara rẹ̀. Ohun tó bá tú nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó máa bò ó mọ́lẹ̀ fún yín. Sípánà la fi ń jí i, kọ́kọ́rọ́ ló kẹ́yìn.

Ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, tó ń lo Sigma, ni mò ń bá lọ níbí. Tí ẹ́ńjìnnì tiyín bá jẹ́ òmíràn, iṣẹ́ náà ò yàtọ̀, ìwọ̀n inú ìwé ọkọ̀ yín nìkan ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dunni kí ọkọ̀ wà lórí ẹsẹ̀ irin, kéèyàn wá máa sáré kí ṣọ́ọ̀bù tó tì.

- Jáàkì kúkúrú tó lè wọ abẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ lé, àti pákó pẹlẹbẹ méjì.
- Sípánà oní-mm àti oní-ínṣì. Àwọn méjèèjì ló wà lára Seven. Sípánà 13 mm máa ń wọ orí nọ́ọ̀tì 1/2 ínṣì, ṣùgbọ́n kò dì í mú dáadáa. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì, igun rẹ̀ ti jẹ.
- Sípánà oníwọ̀n, èyí tó máa ń dún “kà” tó bá ti dé ìwọ̀n tí ẹ yàn.
- Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4, lítà kan, ike tuntun tí wọn ò tíì já lẹ́nu, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara, ìgò.
- Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, géèjì táyà, tọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àkísà púpọ̀.
- Bírò ọ̀dà, funfun tàbí yẹ́lò.
- Ìwé ọkọ̀ yín, níbi tí ìwọ̀n bí a ṣe ń fún bóòtù kọ̀ọ̀kan wà.
- Ẹnì kan tó máa bá yín tẹ bíréèkì, tí inú kì í tètè bí.

Sátidé kan gbáko ni, pẹ̀lú àárọ̀ ọjọ́ Àìkú díẹ̀.

1. Ìwé ló ṣáájú

Tí ẹ bá fi ọkọ̀ sí SORN nígbà òtútù, ìyẹn ni pé ẹ sọ fún ìjọba pé kò ní í rìn lójú títì, kò gbọdọ̀ kan títì. Ibì kan ṣoṣo tó lè lọ ni ibi MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún tí òfin béèrè, tí ẹ ti dájọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, íńṣọ́ránsì sì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń ní “ká kàn yí i ká àdúgbò ká gbọ́ bó ṣe ń dún.” Kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ò mọ “ká kàn.” Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ọkọ̀ tí èèyàn tò fúnra rẹ̀ ò nílò MOT: tó bá ti pé ọdún 3 tó ti gba nọ́ńbà, ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sórí ìkànnì ìjọba. Owó orí àti MOT gbọ́dọ̀ hàn pé wọ́n wà láàyè kí ẹ tó jáde.

2. Ẹ wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ ká aṣọ rẹ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ná. Tí ọ̀rinrin aláwọ̀ bá wà lábẹ́ imú, omi rédíétọ̀ ni. Tó bá dúdú ní àárín, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Tó bá mọ́ gaara tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ nítòsí táyà tàbí lábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ dírẹ́bà ń gbé, bíréèkì ló ń jò, ẹ má sì ronú àtijáde lọ́jọ́ náà.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò, lẹ́yìn náà imú, tí àwọn bóòtù rẹ̀ ò gbà ju kí ẹ yí wọn díẹ̀. Ẹ má gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì lé ibi tí atẹ́gùn á ti rí i. Alumíníọ̀mù náà tínrín débi pé ìgbọ̀nwọ́ èèyàn lè tẹ̀ ẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì àlejò ni tèmi máa ń sùn, lórí aṣọ ìbora, àlejò ò sì tíì gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kan mo gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí ohun yẹ́lò kan bí òwú níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Èkúté ti fa fóòmù ìjókòó mi ya, ó kó o wá síbẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ roboto bí ìgbà tí wọ́n fọwọ́ hun ún. Ó tún ti gé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jẹ dé bàbà. Ká ní mo ti yí kọ́kọ́rọ́ ni, mi ò bá máa wá ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì títí dòní. Látìgbà náà, mo máa ń fọwọ́ tẹ̀ lé gbogbo wáyà láti bátìrì títí dé iná iwájú, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ilẹ̀ gbẹ, fílítà afẹ́fẹ́ mọ́, kò sí wáyà kankan tí inú rẹ̀ hàn.

3. Bátìrì

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó so ohunkóhun mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ 12.6 V sókè, ó kún. Tó bá ti sún mọ́ 12.2 V, ìdajì ló kù. Tó bá wálẹ̀ ju 12 V lọ fún ìgbà pípẹ́, ó ṣeé ṣe kó ti kú pátápátá, bí ṣájà tilẹ̀ ń sọ pé ó ti kún. Ẹ gba iná sí i díẹ̀díẹ̀ mọ́jú, kí ẹ yọ ṣájà, kí ẹ jẹ́ kó sinmi wákàtí mélòó kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n tí ẹ bá rí lójú ẹsẹ̀ tí ẹ yọ ṣájà, irọ́ ni.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: lára Seven, irin ló yí bátìrì ká. Tí sípánà bá kan ẹsẹ̀ rere (+) bátìrì tó sì kan egungun ọkọ̀ pọ̀, iná á ta, sípánà lè jó mọ́ ibẹ̀. Wáyà òdì, ìyẹn dúdú, ni ẹ ó kọ́kọ́ tú, òun ni ẹ ó so kẹ́yìn. Ẹ tún pààrọ̀ bátìrì kékeré inú kọ́kọ́rọ́. Ó ti ju ìgbà kan lọ tí wọ́n pe mí pé “ẹ́ńjìnnì kọ̀,” tó jẹ́ pé ọkọ̀ ò mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ni.

4. Bíréèkì

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kì í hó kí ooru tó kọjá 230°C. Èyí tó ti mu omi lè hó ní 155°C. Tó bá hó, ó di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ṣeé tẹ̀ pọ̀, ẹsẹ̀ yín á wọlẹ̀ láìsí bíréèkì. Ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, bí ọkọ̀ ò tilẹ̀ rìn ju 500 máìlì lọ. Ẹ̀bi tèmi lọ́dún àkọ́kọ́ ni pé mo lo ààbọ̀ ike tó kù láti ọdún tó kọjá, torí mo rí i pé ó ṣì mọ́. Omi ò hàn nínú rẹ̀ ni.

Ẹ gbé ọkọ̀ sókè. Abẹ́ irin egungun, nítòsí ibi tí apá táyà ti so mọ́ ọn, ni jáàkì ń lọ, pẹ̀lú pákó láàárín. Ẹ má gbé e sábẹ́ páànù tàbí sábẹ́ ìkòkò ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, bó ti wù kó fúyẹ́ tó. 550 kg náà á fọ́ egungun ìhà.

Bíréèkì tó jìnnà jù sí ẹsẹ̀ dírẹ́bà ni a ó fi bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú òsì, iwájú ọ̀tún. Ẹ ti rọ́bà gaara bọ ẹnu nípù, ìyẹn irin kékeré tí a ń tú kí ọ́ìlì bíréèkì lè jáde, kí ẹ ki ẹnu rọ́bà kejì sínú ìgò tí ọ́ìlì tuntun díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ wí fún ẹni tó jókòó pé kó tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, kó dì í mú. Ẹ yí nípù díẹ̀, ọ́ìlì á jáde. Ẹ dì í padà kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Tó bá gbé ẹsẹ̀ ṣáájú, afẹ́fẹ́ tí ẹ lé jáde á tún wọlé. Ẹ tún un ṣe títí tí ohun tó ń jáde á fi mọ́, tí ìfóòfó kankan ò sì ní sí nínú rọ́bà.

Ìyàwó mi ló máa ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà tí mo gbà ń sọ̀rọ̀ rèé: “Tẹ̀ ẹ́.” Òun náà á ní “Mo ti tẹ̀ ẹ́.” Mo tú, mo dì. “Gbé e.” “Mo ti gbé e.” Kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ sọ láàárín. Kí ó sì bọ́ bàtà gbòòrò, torí ààyè ẹsẹ̀ inú Seven kéré débi pé bàtà ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo lè tẹ bíréèkì àti tòrótùlù pọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì inú ike òkè tán, ẹ bu sí i lẹ́yìn ìtẹ̀ márùn-ún márùn-ún. Tó bá gbẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi agbára yí nípù, irin kékeré ni, ó lè ṣẹ́ sínú. Ẹ má da DOT 5 mọ́ DOT 4, sílíkọ́ọ̀nù ni DOT 5, wọn kì í bára wọn gbé. Tí ọ́ìlì náà bá sì kán sára ọ̀dà ọkọ̀, omi ni kí ẹ dà lé e lójú ẹsẹ̀, torí ó máa ń bó ọ̀dà bí èèpo ẹ̀pà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tẹ bíréèkì tagbáratagbára, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Kò gbọdọ̀ rì. Seven kò ní ẹ̀rọ tó ń ranni lọ́wọ́, nítorí náà ó yẹ kó le bí òkúta lẹ́sẹ̀, ní gíga kan náà ní gbogbo ìgbà. Lọ́jọ́ tó bá dé bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀: “Dádì, ó ti le o.” Ẹ wá nu gbogbo nípù gbẹ, kí ẹ padà wò wọ́n lẹ́yìn wákàtí kan.

5. Yíyí sípánà ká

Ẹni tó bá fo orí yìí, agbọ́kọ̀ ń dúró dè é. Ìmìtìtì ẹ́ńjìnnì àti ihò ojú títì, tààrà ló ń wọnú bóòtù lára ọkọ̀ yìí. Kò sí rọ́bà nípọn tó ń gbà á.

Láti iwájú lọ sẹ́yìn ni mo máa ń lọ, kí n má baà fo ibì kan: apá táyà iwájú lókè àti nísàlẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ohun tó di sítíárìn mú, orí ọ̀pá sítíárìn, ṣọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ iná iwájú, irin tó gbé ìbòrí táyà, ìjókòó ẹ́ńjìnnì, sàláńsà, bóòtù àga àti bẹ́líìtì, lẹ́yìn náà ọ̀pá De Dion tó so táyà ẹ̀yìn méjì pọ̀ àti apá onígun mẹ́ta tó dì í mú. Búṣìn apá onígun mẹ́ta yẹn, ìyẹn rọ́bà tí bóòtù rẹ̀ ń gbà kọjá, tètè máa ń jẹ. Tí ẹ bá ti ń gbọ́ “kọ́” lẹ́yìn nígbàkígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tòrótùlù, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ fún bóòtù kọ̀ọ̀kan dé ìwọ̀n inú ìwé, kí ẹ fi bírò ọ̀dà fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin. Nígbà míì tí ẹ bá wò ó, tí ìlà náà ò bá pàdé mọ́, nọ́ọ̀tì ti rìn nìyẹn. Tọ́ọ̀ṣì àti ojú nìkan ti tó fún yín látìgbà náà. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ń fi àwọ̀ ìlà náà ṣẹ̀fẹ̀, pé ọkọ̀ mi kọ ilà. Kò kàn mí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: bóòtù tó gba àárín búṣìn rọ́bà kọjá, ẹ má fún un parí nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ lókè. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lórí táyà rẹ̀ ná, kí ẹ wá fún un. Tí ẹ bá fún un lókè, rọ́bà á máa lọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, á sì ya kó tó pẹ́. Nọ́ọ̀tì tó ní ike nínú, tó bá ti ń yí pẹ̀lú ìka lásán, ẹ jù ú nù. Má-jẹ̀ẹ́-ó-tú náà ò dára: bóòtù tí wọ́n fún kọjá ìwọ̀n ti na, ó ń dúró de ọjọ́ tó máa já ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí táyà tó kan ilẹ̀, ẹ fọwọ́ méjì di táyà iwájú mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Ẹ tún dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì. Kò gbọdọ̀ dún, kò gbọdọ̀ gbọ̀n.

6. Táyà

Èyí ò gba àkókò. Afẹ́fẹ́ 18 sí 20 psi ni ọ̀pọ̀ jù nínú wa ń lò, nígbà tí táyà bá tutù. Àwọn tó bá mi fi táyà tuntun sí i nígbà kan fẹ́ ẹ dé 32 psi, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ọkọ̀, ọkọ̀ sì ń fò lórí títì bí ọ̀pọ̀lọ́ títí tí mo fi délé. Ẹ bá wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì DOT ara táyà: 1419 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 14, ọdún 2019. Seven kì í rìn púpọ̀, nítorí náà táyà rẹ̀ máa ń gbó kó tó jẹ. Ó lè ní ju 1.6 mm tí òfin béèrè lọ, kó sì ti le bí igi.

7. Omi, ọ́ìlì, epo, ká wá yí kọ́kọ́rọ́

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni E10, epo tí ọtí tó wà nínú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ti di èyí tí wọ́n ń tà níbi gbogbo ní Britain. Ọtí inú rẹ̀ ń fa omi. Tí táǹkì bá ti wà ní ìdajì láti ìgbà tí òtútù dé, ẹ bu E5 tuntun, tí ọtí inú rẹ̀ kéré sí ti E10, kún un; tó bá ń rùn bí ọ̀dà, ẹ fà á dànù. Ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wo omi, kí ẹ ṣí ooru inú ọkọ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má há sínú páìpù.

Ẹ fi jíà sí òfo, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Géèjì ọ́ìlì ni kí ojú yín wà. Tí kò bá gòkè láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹ pa á. Tó bá gòkè, ẹ jẹ́ kó máa gbóná fúnra rẹ̀ láìtẹ tòrótùlù mọ́ ọn, títí tí fáànù rédíétọ̀ á fi tan, tí á sì kú fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣí ìdérí omi nígbà tó gbóná.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: mítà lórí bátìrì gbọ́dọ̀ ka bíi 13.8 sí 14.5 V nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Fáànù tan, ó kú. Kò sí ohun tó ń kán.

8. Ìrìn àkọ́kọ́

Máìlì mẹ́wàá, nítòsí ilé, láìsí èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bíréèkì á máa ké ní ìbẹ̀rẹ̀, ìpẹtà ló ń bó kúrò lára dísìkì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bíi ìgbà mẹ́wàá. Ẹ rántí pé tíráfíkétọ̀ kì í pa ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi í tàn dé ìlú kejì. Ẹ fara balẹ̀ lórí òkè ojú títì tí wọ́n fi ń dín eré kù, ìkòkò ọ́ìlì ló máa kọ́kọ́ kàn án.

Tí ẹ bá délé, ẹ nawọ́ sítòsí táyà kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kan irin. Tí ọ̀kan bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì rẹ̀ ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ fi sípánà oníwọ̀n tún nọ́ọ̀tì táyà wò, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn 50 máìlì. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ ga kọjá sàláńsà ẹ̀gbẹ́. Mo ní àpá kan ní ojúgun tó rí bí àpá tí wọ́n fi irin tẹ̀ sára màlúù. Ìyá ìyàwó mi rí i, wọ́n wo ọkọ̀ tí kò ní ìlẹ̀kùn tí kò ní òrùlé, wọ́n ní, “Ṣé owó tán lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó ṣe é tán ni?”

Ní alẹ́, ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ rẹ̀ láti imú dé ìdí. Tí ó bá ṣì gbẹ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ de fìlà tí atẹ́gùn ò lè gbé, kí ẹ jáde kí ìjọ tó tú kí títì tó kún.